Ìkíni Oníka Kan ní Donegal

Àpótí méjì ni Màmá Fẹ́yìsayọ̀ gbé kúrò nílé rẹ̀ ní Temple Hills, ní Amẹ́ríkà, lọ sí Donegal, ní ilẹ̀ Ireland. Ọ̀kan kún fún gàrí, ẹ̀gúsí àti ata gígún; èkejì ṣófo. Èyí tó ṣófo yẹn ni wọn ó fi kó ẹrù Fẹ́yìsayọ̀ bọ̀ wálé. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti gba iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti ń rojọ́ fún Ọlọ́run. "Láàárín òkè àti àgùntàn, bí nǹkan bá ṣe é, ta ni yóò mọ̀? Olúwa, ìfẹ́ Rẹ ni kó ṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kó jọ tèmi."

Fẹ́yìsayọ̀ kò bá a jiyàn. "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rìn yíká ná."

Wọ́n ya Ardara, níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ irun àgùntàn. Wọ́n gun Slieve League, níbi tí òkè ti já wọ òkun lójijì. Màmá yọjú wo ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó gbá ọmọ rẹ̀ lápá mú. "Ọlọ́run tóbi. Mo ti rí i. Ó yá, ká máa lọ."

Bí Fẹ́yìsayọ̀ ṣe ń wa ọkọ̀ lọ lójú ọ̀nà tóóró kan, bàbá àgbà kan gun katakata pàdé wọn, ó na ìka kan sókè lórí sítíárìn.

"Ta ló ń naka sí? Kí la ṣe fún un?"

"Mọ́mì, ó ń kí wa ni."

"Ìka kan ṣoṣo? Níbo ni ìyókù lọ?"

Awakọ̀ tó tẹ̀ lé e náà na tirẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn ni Màmá. Ìkíni kì í kọjá lára rẹ̀ kó má dáhùn. Ó yọ orí síta: "Ẹ kú ọ̀sán o, bàbá! Ilé ńkọ́? Àwọn àgùntàn ńkọ́?" Ẹ̀rín pa Fẹ́yìsayọ̀, ojú rẹ̀ kúrò lọ́nà, ni táyà bá wọ kòtò.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Fóònù kò lọ. Màmá gbójú sókè: "Olúwa, ṣé Ẹ rí ohun tí mò ń wí?" Kò tíì dé ibi Àmín tí bàbá oníkatakata fi padà yọ pẹ̀lú okùn. Aaron lorúkọ rẹ̀.

"Fẹ́yì, ìyàwó mi ní òun ò rí ọkọ̀ rẹ kó yọ ní oríta, ni mo bá ní kí n wá wò." Ó yíjú sí Màmá. "Ẹ̀yin nìyá rẹ̀! Gbogbo ìlú ti gbọ́ pé ẹ dé."

Màmá rántí ilé. Lọ́dún tó kọjá, àìsàn dá a dùbúlẹ̀ sílé ní Temple Hills títí yìnyín fi bo ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn ará ìjọ ló pè é. Aládùúgbò kankan kò béèrè.

Nígbà tó ń padà, aṣọ irun àgùntàn fún ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ ló kún àpótí kejì. Ẹrù Fẹ́yìsayọ̀ ẹyọ kan kò sí níbẹ̀.

Déolú, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ló wá fi ọkọ̀ gbé e ní pápákọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà. Gbogbo ọkọ̀ tó pàdé wọn ni Màmá ń na ìka kan sí.

"Mọ́mì, ẹ má naka sí èèyàn níbí o! Wọ́n á ní à ń bú wọn."

"Máa wakọ̀ ẹ lọ, jàre."

Nígbà tí wọ́n délé, aládùúgbò ń ti garawa ìdọ̀tí jáde. Màmá na ìka. Obìnrin náà wo ẹ̀yìn, ó wo ọ̀tún, kò rí ẹlòmíràn. Ló bá rọra na tirẹ̀.

"Ẹ dákun," ni Màmá wí, ó ń sọ̀kalẹ̀, "kí lorúkọ yín?"