Àtàǹpàkò Bọ̀ọ̀dá Rauf

Bí ẹ bá fẹ́ rí bí imú ènìyàn ṣe lè ká sókè bí ewé tí iná jó, ẹ lọ wo Abísọ́lá lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé kọ̀ǹpútà fún un pé kó tú u. Ọmọ Joju ni, ní Sango-Ọ̀tà. Ọmọ ogun ojú omi sì ni, ọdún kẹfà rẹ̀ nìyí lẹ́nu iṣẹ́ náà. Kì í ṣe ọ̀gá tó ń pàṣẹ o. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń pàṣẹ fún ni. Àwọn ará àdúgbò rò pé ńṣe ló ń wa ọkọ̀ ogun káàkiri òkun, tó ń lé àwọn olè epo. Ẹ máa rò ó lọ. Yàrá kan tó tutù bí inú fíríìjì ni Abísọ́lá ń jókòó sí ní bárékè wọn l'Ápápá, láàárín wáyà, tó ń tún kọ̀ǹpútà àwọn ọ̀gá ṣe. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n tíì gbé e lọ sójú òkun gidi, nítorí ẹ̀rọ kan tó daṣẹ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó bì lọ, ó bì bọ̀.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ìríra ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ó ti gbọn egungun ẹja jáde nínú kíbọ́ọ̀dù ọ̀gá kan tí bàtà rẹ̀ máa ń dán bíi dígí. Ó ti bá gààrí níbẹ̀, ó ti bá èékánná tí wọ́n fi eyín gé, ó sì ti bá ohun kan tó rọ̀ tí kò béèrè orúkọ rẹ̀. Ó ti ṣí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tí aáyán fi ṣe ilé ìgbẹ̀bí, tí tọmọtìyá wọn ń wò ó pé kí ló wá ṣe. Àwọn ọ̀gá á tún pè é láti òkè ilé alájà mẹ́ta pé kọ̀ǹpútà àwọn ti kú. Á gòkè dé bẹ̀, á bá a pé wọn kò tan iná ara ògiri. Á ní, "Yẹ́sà," á tan iná, á sọ̀ kalẹ̀. Ó di ìsàlẹ̀ kó tó yínmú, nítorí ẹni tó bá yínmú lójú ọ̀gá, àtìmọ́lé ni yóò ti yín in tán.

Ṣùgbọ́n Abísọ́lá ń fara dà á. Oṣù méjì ló kù kó lọ kọ́ọ̀sì tí yóò fi gba ipò tuntun. Orúkọ rẹ̀ ti jáde. Ohun tó gbọ́dọ̀ ṣe kò ju kó má ti ọwọ́ bọ ìjàngbọ̀n lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan tó gbàyè wálé, bó ṣe fo gọ́tà tó ń hó ìfófò aláwọ̀ búlúù lẹ́nu ọ̀nà wọn, tó wọ pálọ̀, ìjàngbọ̀n ti jókòó dè é lórí àga. Bọ̀ọ̀dá Rauf ni, àbúrò ìyá rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan lọ́nà Igbesa.

"Sójà obìnrin!" Bọ̀ọ̀dá Rauf nà ró, ó kí i bí ológun.

"Ẹ káalẹ́, sà. Bọ̀ọ̀dá, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń kí èèyàn bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ òsì."

"Ọwọ́ ọ̀tún ń jẹran lọ́wọ́ ni."

"Ẹran ta ni?"

"Tìẹ ni. Àbí o fẹ́ kí n máa jẹran ọlọ́ran?"

Ìyá Abísọ́lá, Àdìzát, rẹ́rìn-ín láti kíṣínì, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ibi kankan. Bọ̀ọ̀dá Rauf nu ẹnu. "Wọ́n fẹ́ lé mi níṣẹ́ ní Mọ́ńdè, Abísọ́lá."

Ó wá rò ó. Ní ilé iṣẹ́ wọn, ẹ̀rọ kan wà lẹ́nu géètì tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń tẹ ìka sí láago méje àárọ̀, tí wọ́n sì tún ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń lọ ilé. Bí ẹ̀rọ bá dá ìka mọ̀, á ní, "Tẹ́ńkíù." Bí kò bá dá a mọ̀, á han bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù, á ní kí ó tún un ṣe. Àárọ̀ mẹ́rìnlá ni ìwé fi sọ pé Bọ̀ọ̀dá Rauf kò wá síbi iṣẹ́.

"Mo wá! Àràárọ̀ ni mo ń wá. Sódà ọṣẹ ló ti jẹ ìlà ọwọ́ mi tán, maṣíìnì ò rí ìka mi mọ́. Ọmọbìnrin tí wọ́n fi ṣọ́ ọ, Lucy, òun ló kórìíra mi. Ó kàn ń kọ ọ́ pé mi ò wá ni."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Abísọ́lá lára. Ìyá rẹ̀ ti fi ọdún mẹ́sàn-án di ọṣẹ sínú páálí ní ilé iṣẹ́ yẹn kan náà. Sódà jẹ ìka rẹ̀ títí ó fi dán bí ẹ̀yìn ṣíbí, tí báǹkì fi dá a padà lẹ́ẹ̀mẹta pé ẹ̀rọ àwọn kò rí ìlà kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ilé yìí, kò sẹ́ni tó máa ní kí Bọ̀ọ̀dá Rauf fi ẹ̀rí ìyẹn hàn.

"Kí lẹ wá fẹ́ kí n ṣe?"

"Aṣọ nefi funfun yẹn," ni Bọ̀ọ̀dá Rauf wí, ojú rẹ̀ tàn. "Wọ̀ ọ́. Ká jọ lọ lọ́la. Má sọ̀rọ̀ o. Ṣáà dúró kí o fojú le. Tí wọ́n bá ti rí nefi, ara wọn á balẹ̀."

Imú Abísọ́lá gbéra. "Bọ̀ọ̀dá, aṣọ ìjọba kọ́ ni aṣọ ìdẹ́rùbani. Tí ẹnì kan bá yà mí ní fótò níbẹ̀, àtìmọ́lé ni. Kọ́ọ̀sì mi ti wọgbó nìyẹn."

Àdìzát yọrí láti kíṣínì. "Abísọ́lá. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń gba èèyàn sí nefi, ta ló gbé ẹ lọ? Ta ló sùn lórí páálí níta géètì fún ọjọ́ mẹ́ta?"

"Bọ̀ọ̀dá Rauf ni, mà."

"Ó dáa. Mi ò sọ nǹkan kan."

Tí ìyá bá ti ní òun ò sọ nǹkan kan, ẹ mọ̀ pé ó ti sọ ọ́ tán. Abísọ́lá ní òun yóò lọ, ṣùgbọ́n ṣòkòtò jíǹsì ni òun yóò wọ̀. Òun yóò bá wọn wo ẹ̀rọ náà, nítorí ohun tí òun mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn.

Láàárọ̀ Sátidé, Bọ̀ọ̀dá Rauf fi ọ̀kadà rẹ̀ gbé e gba ọ̀nà eléruku náà lọ. Wọ́n dé géètì. Abísọ́lá ń gbọn eruku kúrò nírun nígbà tó gbọ́ tí máígàádì pariwo, "Ah! Nefi! Madam, well done ma!" Ó yíjú padà. Bọ̀ọ̀dá Rauf ti fa aṣọ funfun rẹ̀ yọ láti inú náílọ́ọ̀nù dúdú, ó nà án sókè lórí ìkọ́ aṣọ bí àsíá, máígàádì sì ń kí aṣọ tí kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀ bí ẹni kí ọ̀gágun.

"Ọmọ mi ló ni ín!" ni Bọ̀ọ̀dá Rauf ń wí. "Ẹ̀jẹ̀ mi ni!"

"Ẹ mú un wá! Bọ̀ọ̀dá, ẹ wọnú kọ́bọ́ọ̀dù mi?"

Ó já a gbà. Lórí kọ́là, ibi tó funfun jù, èérí ti wà níbẹ̀. Ọ́ìlì ṣéènì ọ̀kadà ni, dúdú, ó ń yọ̀. Ó gbé e súnmọ́ ojú. Àpá àtàǹpàkò ni. Ìlà rẹ̀ yí po, ó tún yí po, ìkankan wọn hàn kedere bí ìlà tí ọ̀pá fà sínú iyanrìn. Abísọ́lá wo àpá náà, ó wo ọwọ́ Bọ̀ọ̀dá Rauf. Ọwọ́ tí sódà ti jẹ tán kì í fi irú àpá báyìí sílẹ̀. Ó ká aṣọ náà, ó kì í bọ inú náílọ́ọ̀nù.

Ọ̀gbẹ́ni Akínyẹmí, tó ń mójú tó òṣìṣẹ́, gbà wọ́n wọlé. Òun náà ti rí aṣọ funfun náà láti ojú fèrèsé, nítorí náà ó ń pe Abísọ́lá ní "Ọ̀gá." Lucy dúró ní igun yàrá, ọmọbìnrin tín-ín-rín kan tí ojú rẹ̀ wú, ó di ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ́ àyà.

"Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ kò pọ̀," ni Akínyẹmí wí. "Lucy ní Rauf kì í wá láàárọ̀. Rauf ní maṣíìnì ló ń kọ òun. Tí maṣíìnì bá bàjẹ́, a jẹ́ pé Lucy ń parọ́ mọ́ èèyàn. Ẹnì kan á lọ ilé ní Mọ́ńdè. Ohun tí ẹ bá sọ ni màá kọ síwèé."

Wọ́n mú Abísọ́lá lọ síbi ẹ̀rọ náà. Yéè! Dígí tó yẹ kí wọ́n máa tẹ ìka sí ti di awẹ́ ọ̀rá. Ọṣẹ wà níbẹ̀, òógùn wà níbẹ̀, epo ẹ̀wà àárọ̀ wà níbẹ̀, ikun wà níbẹ̀, ó sì dá a lójú pé ikun ni. Igba èèyàn ló ń fi ọwọ́ kan ìgbẹ́ yìí lójúmọ́! Ó fi apá kan bo imú, ó fi ọwọ́ kejì nù ún títí aṣọ ìnujú mẹ́ta fi dúdú. Nígbà tó tú ẹ̀yìn rẹ̀, aáyán kan ṣubú sórí bàtà rẹ̀. Ó jó ijó kan níbẹ̀ tí kò sí nínú ijó tí wọ́n ń kọ́ wọn ní nefi. Lucy gan-an bú sẹ́rìn-ín, ó yára bo ẹnu.

Abísọ́lá so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, ó ṣí àkọsílẹ̀ orúkọ Rauf. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìka méjì ni wọ́n fi sílẹ̀ lábẹ́ orúkọ náà. Àtàǹpàkò kan wà, tí ẹ̀rọ ń gbà nírọ̀lẹ́, ìrọ̀lẹ́ kan kò yẹ̀, títí kan àná. Ìka kejì sì wà, tí wọ́n ń tẹ̀ láago méje àárọ̀, láti oṣù kejì, tó wá dáwọ́ dúró ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ojú ìwé àárọ̀ nìkan ni Lucy máa ń tẹ̀ jáde fún Akínyẹmí. Kò sẹ́ni tó wo ti ìrọ̀lẹ́ rí.

"Ìka ta ni èyí, Bọ̀ọ̀dá?" Ó rọra bi í, nítorí Akínyẹmí wà lórí fóònù.

Bọ̀ọ̀dá Rauf fẹnu mọ́ ọn létí. Èémí rẹ̀ ń rùn fún àlùbọ́sà. "Hafeez tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Ó ń bá mi tẹ̀ ẹ́ ni. Ó ti kó lọ Ìlọrin. Abísọ́lá, sọ pé ó bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ kan péré. Wọ́n á gbà ẹ́ gbọ́."

Òótọ́ ni, wọn yóò gbà á gbọ́. Ìyẹn gan-an ló kó èébì bá a. Ìríra yìí yàtọ̀ sí ti aáyán; aáyán kò mọ ohun tó ń ṣe. Ó wo Lucy, tó ti ń ká etí ìwé rẹ̀ títí etí náà fi já. Ó wo àbúrò ìyá rẹ̀ tó sùn lórí páálí nítorí rẹ̀.

"Ọ̀gá, kí lẹ rí?" ni Akínyẹmí béèrè.

"Mo ti nù ún," ni Abísọ́lá dáhùn. "Bọ̀ọ̀dá Rauf, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àtàǹpàkò yín sí i."

"Ó máa kọ̀ ọ́ ni."

"Ẹ fi sí i, Bọ̀ọ̀dá."

Bọ̀ọ̀dá Rauf fi ẹ̀gbẹ́ ìka kàn án. Ẹ̀rọ han.

"Ṣé ẹ rí i? Mo sọ fún yín!"

"Ẹ fi inú rẹ̀, sà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa."

Wọ́n wo ara wọn. Bọ̀ọ̀dá Rauf mọ̀ pé ó ti mọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́.

"Tẹ́ńkíù," ni ẹ̀rọ náà wí, pẹ̀lú ohùn obìnrin tó dùn bí oyin.

Lucy jókòó sílẹ̀, ó gbé ìwé rẹ̀ lé itan. Bọ̀ọ̀dá Rauf fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́, díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ilẹ̀: pé òun ń fi ọ̀kadà gbé èrò láti Joju sí Sango láàárọ̀ títí di aago mẹ́sàn-án, pé lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀, nígbà tí Lucy yíjú, Hafeez ló ti ìka tirẹ̀ bọ àyè ìka kejì. Akínyẹmí na ọwọ́, ó gba káàdì ìdánimọ̀ lọ́rùn rẹ̀.

Níta géètì, Bọ̀ọ̀dá Rauf kò tan ọ̀kadà. "O ò lè sọ pé ó bàjẹ́?"

"Mo lè sọ ọ́, sà. Ẹ̀yin náà ṣé ẹ ò rí ọwọ́ tí ẹ máa fi purọ́ ju ọwọ́ ìyá mi lọ ni?"

Bọ̀ọ̀dá Rauf tan ọ̀kadà. Ó gbé e délé, òun náà ló sì wọlé sọ fún Àdìzát bó ṣe jẹ́, kò fi bọpobọyọ̀. Àdìzát kò bú u, kò sì yin ọmọ rẹ̀. Ó bu oúnjẹ fún wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó lọ kírun.

Nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, Abísọ́lá fẹ́ padà sí bárékè. Ó jáde sí oríta Joju pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà márùn-ún ló tò síbẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Rauf ló kàn láti gbé èrò. Àwọn tó kù ń wò wọ́n.

"Sango?" ni Bọ̀ọ̀dá Rauf béèrè, bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

"Ẹ káalẹ́, sà. Bẹ́ẹ̀ ni."

"Gùn ún. Fara balẹ̀ di ara ẹ mú, ọ̀nà ò dáa."

Abísọ́lá di aṣọ rẹ̀ mú lẹ́yìn. Aṣọ náà ti fi òógùn rin gbingbin, ṣùgbọ́n kò jọ̀wọ́ rẹ̀ títí wọ́n fi dé abẹ́ bíríìjì. Bọ̀ọ̀dá Rauf bá a sọ báàgì kalẹ̀, ó fi ọwọ́ gbọn eruku ara báàgì náà nù. Lẹ́yìn náà ló yí ọ̀kadà padà. Abísọ́lá ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láàárín àwọn ohùn yòókù:

"Joju! Joju ẹnì kan! Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá yín!"