Ife Òróró Àgbọn

Ìgbà tí ọwọ́ ìyá mi gbọ̀n lórí ife náà ni mo mọ̀ pé ewu wà. Títí dòní, bí òórùn kẹrosíìnì bá fẹ́ sí mi ní Mowo tí mo ń gbé báyìí, mo máa ń fi ọwọ́ di imú.

Ní Gberefu, erékùṣù wa, ọmọ ẹni tó se òróró àgbọn ló ń kọ́kọ́ mu ún lójú ẹgbẹ́ àwọn olóròóró, kí wọ́n tó lẹ àmì ẹgbẹ́ mọ́ kẹ́ẹ̀gì. Bí ọmọ bá tu ú dà nù, wọn á lé ìyá rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́, ọlọ́kọ̀ kankan kò sì ní gbé ọjà rẹ̀ sọdá ọ̀sà mọ́.

"Kí ló dé tí ọwọ́ ẹ ń gbọ̀n, Ìyá Sẹ́nami?" Ìyá Ẹgbẹ́, olórí wọn, béèrè.

"Òtútù ni, Ìyá."

"Òtútù, nínú oòrùn yìí?" Àwọn obìnrin yòókù rẹ́rìn-ín.

Ìyá mi sọ sí mi létí pé, "Gbé e mì, kí o rẹ́rìn-ín."

Òróró náà ta mí lọ́fun bí iná. Mo gbé e mì, mo rẹ́rìn-ín, wọ́n lẹ àmì. Ẹ̀yìn ilé ni mo ti ń bì títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì ni ìyá mi ṣèèṣì da òróró náà sí, àti pé ó ti tọ́ ọ wò láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Láti ọjọ́ náà, ìbẹ̀rù ni mo fi ń mu òróró ní gbogbo ìpàdé, títí di ọjọ́ tí Ìyá Ẹgbẹ́ wò mí láti òkè délẹ̀.

"Eléyìí ti gbọ́n jù, ó ti lè díbọ́n. Mú àbúrò rẹ̀ wá."

Mo mí kanlẹ̀. Ìyá mi na ife sí àbúrò mi, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n.