Ìwé Màmá Àgósásà Tó Wà Ní Yàrá Kejì

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orí jì mí. Kíláàsì kẹta ní girama ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Lẹ́tà ìwáṣẹ́ ni ohun tó gùn jù tí mo tíì kọ rí.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìlaròó ni mo ti ń tẹ kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ìjọba ti bọ́dà, ẹ̀ka wa ní Ìdí-Ìrókò kógbá sílé, wọ́n sì kó ìwé àwọn aláìsàn ibẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà wa. Injiníà tó ń bá wa tọ́jú kọ̀ǹpútà fi tiwọn sí yàrá kan nínú rẹ̀, ó fi tiwa sí òmíràn. Sìkíímà ló ń pe irú yàrá bẹ́ẹ̀. Orúkọ kan náà ni ìwé inú yàrá méjèèjì ń jẹ́, “aláìsàn”, nọ́ńbà káàdì méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ láti oókan. Ọgbọ́n ńlá.

Bí a bá ní kí kọ̀ǹpútà mú ìwé wá, á tẹ̀lé ọ̀nà àwárí tí Injiníà là sílẹ̀ fún un. Tó bá ti rí orúkọ yẹn ní yàrá àkọ́kọ́, ó parí. Kì í dé ìkejì. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, yàrá Ìdí-Ìrókò ló kọ́kọ́ ń wọ̀, pásítọ̀ kan ní Ìlaròó sì di aboyún oṣù mẹ́fà. Pásítọ̀ bínú. Injiníà yí ọ̀nà náà padà kí yàrá tiwa lè ṣíwájú, ó gba ọpẹ́, ó gba Abẹ́òkúta lọ.

Lẹ́yìn náà ni Màmá kan dé láti Àgósásà. Ọkọ́ ló bù ú lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀hún sì ti wú. Ó ní abẹ́rẹ́ kan fẹ́ẹ̀ pa òun rí ní Ìdí-Ìrókò. Òun ò mọ orúkọ rẹ̀, àmọ́ wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé òun. Mo tẹ nọ́ńbà káàdì rẹ̀. Ọmọkùnrin agbábọ́ọ̀lù kan ló jáde, tí gbogbo abẹ́rẹ́ bá lára mu.

Màmá ní, “Ọmọ mi, ṣé èmi náà ni mo ń gbá bọ́ọ̀lù yìí?”

Dókítà ò láyà láti gún un lábẹ́rẹ́. Ó fọ ojú egbò, ó ní kó padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí ẹsẹ̀ bá tún wú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ lè di gígé. Ó pe Injiníà lórí fóònù. Injiníà ní ìwé náà ti ní láti sọnù lójú ọ̀nà. Bóyá kọ́sítọ́ọ̀mù ló gbẹ́sẹ̀ lé e pẹ̀lú ìrẹsì.

Mo tọrọ fóònù náà.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe yàrá kejì ni kò wọ̀?”

“Àbúrò, kíláàsì mélòó lo kà?”

“Mẹ́ta, sà.”

“Máa tẹ̀wé tìẹ.”

Mo dá fóònù padà fún Dókítà. Ó ṣáà mọ̀wé. Ṣùgbọ́n mo ti wò ó nígbà tó ń kó àwọn ìwé wọlé: orúkọ yàrá ló ń kọ́kọ́ tẹ̀, á fi dọ́ọ̀tì kan sí i, kó tó tẹ orúkọ ìwé. Ẹni tó bá ti dárúkọ yàrá, kọ̀ǹpútà ò ní máa wá ọ̀nà fún un mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dé kí nọ́ọ̀sì kankan tó dé. Mo tẹ Ìdí-Ìrókò, mo tẹ dọ́ọ̀tì, mo tẹ aláìsàn, mo fi nọ́ńbà Màmá sí i. Pẹnisílíìnì ni abẹ́rẹ́ náà. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sórí bébà, mo gbé e sórí tábìlì Dókítà, mo sì lọ ṣílẹ̀kùn fún Màmá, tó ti jókòó síta.