Bíìtì Abẹ́rẹ́ Àpò Ògúnwùmí

Alágbẹ̀dẹ ni Ògúnwùmí ní Òmù-Èkìtì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọkọ́ àti àdá ló gbé orúkọ rẹ̀ dé Ìkòlé. Ihò ni. Ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tó jìn, tí bíìtì ọjà, irin tí a fi ń lu ihò, kò lè lu, irú rẹ̀ ni wọ́n ń gbé wá bá a. Abẹ́rẹ́ tí a fi ń rán àpò ló fi ń ṣe bíìtì tirẹ̀. Á lù ú, á pọ́n ọn, títí ẹnu rẹ̀ yóò fi fẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ díẹ̀, kí ara má baà há. Á wá fa ọ̀nà wẹ́rẹ́ kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí èérún irin lè rí ibi gbà jáde. Ọ̀nà yẹn ni gbogbo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Bí èérún kò bá jáde, bíìtì á há, á sì kán.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ọ̀pá irin inú ẹ̀rọ tí Ìyábọ̀, àbúrò rẹ̀, fi ń rin ẹ̀gẹ́ ṣẹ́. Ará Ìkòlé kan fi irin kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe òmíràn, àmọ́ kò lè lu ihò tí ọ́ìlì yóò máa gbà dé àárín rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, onílẹ̀ tó yá Ìyábọ̀ ní oko ti gba ilẹ̀ rẹ̀ padà, Ìyábọ̀ sì ti hú gbogbo ẹ̀gẹ́ tó wà níbẹ̀. Ògúnwùmí ní kí ó máa bẹ ẹ́ lọ, pé kí ọ̀sán tó pọ́n, ẹ̀rọ á ṣiṣẹ́.

"Abẹ́rẹ́ lẹ fẹ́ gún irin, ẹ̀gbọ́n mi?" Ìyábọ̀ ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé ibà ń ṣe yín ni?"

"Bẹ ẹ̀gẹ́ rẹ jàre. Fi uṣẹ́ mi sílẹ̀ fún mi."

Nínú ìdílé wọn, irin tuntun kì í ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ sùn lójúbọ Ògún, kí wọ́n sì ta epo sí i. Bíìtì tó ṣe fún ihò yìí ti sùn níbẹ̀. Ọyẹ́ sì ti mú kí epo dì. Ògúnwùmí fi aṣọ nù ún títí ó fi ń dán. Kò wo inú ọ̀nà wẹ́rẹ́ yẹn, epo dídì sì kún un dẹ́nu.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu. Èérún jáde díẹ̀, kò jáde mọ́. Ó yẹ kí ó fà á yọ. Ṣùgbọ́n ihò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, àwọn obìnrin tó ń bá Ìyábọ̀ bẹ ẹ̀gẹ́ sì ti dá ọ̀bẹ dúró, wọ́n ń wò ó. Ó tún yí i.

Ó dún "ká."

"Kí ló ṣe é?" Ìyábọ̀ bèèrè.

"Ó kán."

"Ẹ ṣe òmíràn nígbà náà."

"Inú ibẹ̀ ló kán sí. Ó le ju ọ̀pá yìí lọ, kò sí ohun tó lè lù ú. Bí mo bá sì fi iná sí i, ọ̀pá á wọ́."

Ó gbọ̀n ọ̀pá náà. Ó gbá a mọ́ igi. Ó fi abẹ́rẹ́ mìíràn tọ́ ọ, ẹnu rẹ̀ ká kò. Ẹnì kan dárúkọ ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ mìíràn tó wà ní Ayébọ̀dé. Owó mọ́tò tí yóò kó òkìtì ẹ̀gẹ́ yẹn débẹ̀ á ju gàrí inú rẹ̀ lọ. Nígbà tí oòrùn yí, ẹ̀gẹ́ bíbẹ ti ń ní iṣan dúdú, ó ti ń bàjẹ́. Àwọn obìnrin ń palẹ̀ mọ́ níkọ̀ọ̀kan, wọn kò kí i pé ó dàbọ̀.

Ògúnwùmí jókòó ti ẹ̀gẹ́ tí wọn kò tíì bẹ, ó mú ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ẹ́.

"Ẹ fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi," Ìyábọ̀ wí. "Kí lẹ ń bẹ ẹ́ fún?"

Ó ju èyí tó bẹ tán sórí òkìtì, ó mú òmíràn.