Ọ̀kan Sáré, Ọ̀kan Ròyìn

Láti ìgbà tí mo ti bí àwọn ìbejì mi, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo máa ń gé aṣọ wọn. Aránṣọ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ìkóríta Òkòkómáíkò. Màá ká aṣọ sí méjì, màá tẹ́ ẹ sórí tábìlì, màá wọn ẹnì kan nínú wọn, sísọ́ọ̀sì á sì gba inú méjèèjì kọjá pọ̀. Bí mo bá fi máa gbé ọwọ́ kúrò, ẹ̀wù méjì ti délẹ̀, kò sí èyí tó fi ìbú ìka ju èkejì lọ. Inú mi a máa dùn sí i ju owó iṣẹ́ àwọn oníbàárà lọ.

Ẹ má kánjú bá mi o. Mo ń bọ̀ wá síbi tí ariwo wà.

Ìyá ọkọ mi, ọmọ bíbí ìlú Ọ̀jọ́, ló ń ṣọ́ òfin ìbejì nínú ilé wa ní Ìbà. Òfin náà kò gùn: ohun tí o bá fún ọ̀kan, fún èkejì, ibi tí ọ̀kan bá lọ, kí èkejì lọ. Màmá fúnra wọn ló máa ń se ẹ̀wà fún àwọn ọmọ náà. Abọ́ kan, epo kan, ata kan. "Ẹ̀mí kan ló ń gbé ilé méjì," ni Màmá máa ń wí, bí wọ́n bá ti ń gbé abọ́ náà kalẹ̀.

Ó dùn, ó rọrùn, títí àwọn ọmọ fi pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èyí tó kọ́kọ́ wáyé ga gògòrò, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bí ti àgbọ̀nrín, eré ìje ni ayé tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pe ìyẹn ní asáré. Èyí tó tẹ̀lé e nídìí díẹ̀, òjò kì í sì í mú un sáré. Ẹnu ni Ọlọ́run fún un. Ẹ jẹ́ ká pe òun ní asọ̀rọ̀. Bí a bá rán an ní búrẹ́dì lọ sí Àjàngbádì, bí ìyá oníbúrẹ́dì ṣe bá oníkẹ̀kẹ́ jà ló máa gbé bọ̀ ṣáájú búrẹ́dì. Á sín ìyá náà jẹ, á sín oníkẹ̀kẹ́ jẹ, á tún sín kẹ̀kẹ́ pàápàá jẹ. Àwa tí a jókòó sílé á rẹ́rìn-ín títí a ó fi gbàgbé tíì tó ń tutù.

Síbẹ̀, aṣọ kan náà ni mo ń rán. Ó ń fún ọ̀kan nídìí, ó ń rọ̀ jọwọlọ lára èkejì. Mo ní kò sí wàhálà, aṣọ ìbejì ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, asọ̀rọ̀ wọlé, ó ju báàgì ilé-ìwé sórí àga.

"Mọ́mì, ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pè mí ní kíláàsì? Fótókópì! Bí mo bá dá wọlé báyìí, wọ́n á ní, 'Fótókópì ti dé, orígínà dà?'"

Asáré bú sẹ́rìn-ín. "Èmi ni orígínà nàà. Ṣebí èmi ni mo kọ́kọ́ jáde."

"Ta ló rán ẹ jáde? Èmi ni mo ní kó o lọ tọ́ ayé wò fún mi. Ọmọ iṣẹ́ mi ni ẹ́!"

Òótọ́ ló sọ, nílẹ̀ wa ẹni tó gbẹ̀yìn dé ni ẹ̀gbọ́n. Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo wo ojú asọ̀rọ̀, ẹ̀rín kò sí níbẹ̀.

Ó rọra sún mọ́ mi. "Mọ́mì, wọ́n ń wá ẹni tó máa di máìkì mú lọ́jọ́ intahaosi." Ọjọ́ ìdíje eré ìdárayá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, tí ilé-ìwé á pín sí ilé pupa, búlùú, yẹ́lò àti gíríìnì. "Ẹni tó máa máa sọ bí eré ṣe ń lọ. Tíṣà ní kí n wá. Èmi nìkan, Mọ́mì! Wọn ò pe ẹlòmíì." Ojú rẹ̀ ń dán bí àwo tuntun. Mo mọ ohun tó ń wá. Ó fẹ́ kí gbogbo ilé-ìwé gbọ́ ohùn kan, kí wọ́n má sì bèèrè pé orígínà dà.

Àṣé Màmá ti gbọ́ láti yàrá. "Èkejì ń kọ́? Kí lòun máa ṣe?"

"Òun máa sáré, Màmá. Ilé pupa ti mú un."

"Kí ọ̀kan máa sáré, kí èkejì máa pariwo, lójú gbogbo ayé? Kò ní ṣẹlẹ̀ lójú mi."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Màmá wé gèlè, wọ́n gba ilé-ìwé lọ. Màmá fúnra wọn ló padà wá ròyìn fún wa: "Mo ní, 'Tíṣà, ṣé ìwọ lo fẹ́ pín ohun tí Ọlọ́run so pọ̀?' Ó ní, 'Ẹ má bínú, Màmá.' Ó ti fi àwọn méjèèjì sí eré sísá." Ọmọ Yorùbá ni tíṣà náà. Ta ló fẹ́ kí ìbejì bínú sí òun? Ó gba máìkì lọ́wọ́ asọ̀rọ̀, ó gbé e fún ọmọ kíláàsì mìíràn.

Láti ọjọ́ náà, búrẹ́dì ń wọ ilé wa láìní ìtàn. Asọ̀rọ̀ á gbé e sílẹ̀, á wọ yàrá lọ. Ilé wá dákẹ́ débi pé a ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ẹ̀yìnkùlé.

Ọjọ́ pé. Háà, ẹ wá wo èrò! Eruku ń sọ, sípíkà ń ké, àwọn ọmọ kun ojú bí eégún. Èmi àti Màmá jókòó sábẹ́ kánópì, ike omi tútù wà lọ́wọ́ Màmá. Ọmọ tó di máìkì mú ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń kéde òkú: "Wọ́n ń sáré. Wọ́n ṣì ń sáré."

"Ẹ gba nǹkan yẹn lọ́wọ́ ẹ̀ o!" ẹnì kan kígbe lẹ́yìn wa.

Ó kan eré àwọn ọmọbìnrin, yíyí pápá po. Àwọn ọmọ mi méjèèjì bọ́ sórí ìlà nínú ṣòkòtò péńpé pupa tí mo gé lẹ́ẹ̀kan náà. Ni kíláàsì wọn bá bẹ̀rẹ̀: "Fótókópì! Fótókópì!"

Fèrè dún. Asáré tẹ̀lé àwọn tó ṣáájú, ó ń fi agbára pamọ́ fún ìparí. Asọ̀rọ̀ gbé ẹsẹ̀, ó ń fa ṣòkòtò tó fún un, ó tún gbé ẹsẹ̀, ó tún fà á. Kí wọ́n tó dé igun àkọ́kọ́, òun ló kẹ́yìn. Mo fi ọwọ́ bojú. Ìgbà tí mo máa ṣí i, ọmọ kò sí lójú ìlà mọ́! Ó ti gba àárín pápá kọjá, ó ń sáré, àní ọmọ tí òjò kì í lé, ó dorí kọ tábìlì máìkì.

"Gbé e wá!"

Ọmọ tó wà níbẹ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù.

"Ẹ wo ẹlẹ́sẹ̀ gígùn!" Ohùn náà bo pápá. "Ilé gíríìnì, yàgò! Ó ti kọjá gíríìnì! Ilé búlùú, kí lò ń wò bí ẹni tí kẹ̀kẹ́ já sílẹ̀ láìsan ṣéńjì? Ó ti kọjá búlùú! Ó ku yẹ́lò! Yẹ́lò, má wẹ̀yìn o, ohun tó ń bọ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ! Èmi ni mo rán an! Mo rán an sáyé, ó jẹ́ ẹ fún mi. Mo tún rán an lónìí, ẹ wo bó ṣe ń jẹ́ iṣẹ́! Àbúrò mi, kọjá! Kọjá! Ó kọjáááá!"

Gbogbo pápá fò dìde. Olùkọ́ ń fò, ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà ń fò, ìyá onígúgúrú da gúgúrú sí èèyàn lórí. Asáré gé okùn, kò dúró, ó sáré lọ tààrà sídìí máìkì, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ: "Ta ni... ta ni àbúrò ẹ?" Sípíkà gbé e sí gbogbo etí. Ẹ̀rín pa èèyàn.

Ẹ̀rù ń bà mí láti wo Màmá. Ìgbà tí mo wò wọ́n, wọ́n ti dìde, gèlè ti já sí èjìká, gbogbo omi ike ti dà sí mi lẹ́sẹ̀.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ yẹn?"

"Èkejì ni, Màmá."

"Mo mọ̀ pé èkejì ni! Ibo ló ti rí ohùn yẹn?"

Mo ní, "Ó ti ní in tipẹ́, Màmá."

Tíṣà ti dé, ó dọ̀bálẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú, òun ló sá kúrò lójú ìlà."

"Ta ló bínú?" Màmá ń tún gèlè wé. "Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ má fi í sí eré sísá mọ́. Ẹ ń fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ ṣòfò."

Bí a ṣe ń jáde, ọmọ kan kígbe lẹ́yìn wa: "Máìkì! Ó dàárọ̀ o!" Asọ̀rọ̀ kò wẹ̀yìn. Ó kàn gbé ọwọ́ sókè bí ọba.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Màmá gbé ẹ̀wà wá. Abọ́ méjì! Ata wà lọ́tọ̀ nínú àwo kékeré láàárín. Asọ̀rọ̀ bu ata lé tirẹ̀ títí ó fi pọ́n. Asáré kò tọ ata rárá.

Màmá ń wò ó. "Ìwọ, láti ìgbà wo ni o kò ti jẹ ata?"

"Láti kékeré, Màmá."

"O ò sì sọ?"

"Abọ́ kan náà ni, Màmá."

Màmá fa àwo ata kúrò níwájú rẹ̀. Wọ́n wá kọjú sí èkejì. "Níbi tó ti fẹ́ kọjá ilé yẹ́lò yẹn, kí lo sọ? Bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀."

Asọ̀rọ̀ di ṣíbí mú bí máìkì. Mo fa téèpù mi yọ, mo ní kí asáré dìde kí n wọn tirẹ̀ ná, n ó sì wọn ti èkejì lọ́tọ̀.

"Mọ́mì, ẹ ní sùúrù," ni asọ̀rọ̀ wí, "kò tíì dé orí ìlà."