Ìbò Tí Ìyá Mi Kò Ní

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Minna, ọkùnrin nìkan ni wọ́n gbà pé ó ní ọgbọ́n tí a fi ń dìbò. Ẹ má rò pé àwàdà ni mò ń ṣe, òfin ni. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí wọ́n bí ìyá mi sí, àbúrò rẹ̀ obìnrin ń dìbò. Ṣùgbọ́n bí obìnrin bá ti kọjá ààlà, tí ó forí lé Ìlọrin, ọgbọ́n náà a pòórá lójú ọ̀nà. Ìyá mi ti kọjá ààlà yẹn kí wọ́n tó bí mi, nítorí náà kò ní ìbò. Bàbá mi ló ní in.

Sabon Gari ni wọ́ọ̀dù wa. Káfíńtà, télọ̀, oníṣòwò aṣọ àti olùkọ́ ilé-kéwú ló kún ibẹ̀. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti ará Ọ̀yọ́ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, ará Ìlọrin ń lọ sí mọ́sálásí, gbogbo wa a sì pàdé lọ́dọ̀ mai ruwa, ọkùnrin tí ń ru garawa omi kiri tà. Ìtàn ìdìbò wọ́ọ̀dù náà kò gùn. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀yìn ẹni tí wọ́n bá fẹ́ ni àwọn ọkùnrin ń tò sí ní gbangba. Bàbá mi a kọ́kọ́ dúró sábẹ́ igi kan títí yóò fi mọ ìlà tó gùn jù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé àpótí dé, wọ́n sì ta aṣọ sójú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ohun tí ẹnì kejì ṣe. Ọdún àpótí yìí ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Àwọn méjì ló ń du ipò. Wọ́n ya kẹ̀kẹ́ sára àpótí ẹnì kan, wọ́n ya ràkúnmí sára ti èkejì. Oníràkúnmí jẹ́ olówó kan ní Tudun Wada, tí kì í mọ ọ̀nà àdúgbò wa àfi bí ìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Oníkẹ̀kẹ́ jẹ́ káfíńtà, ọmọ àdúgbò wa, ọwọ́ bàbá mi ló sì ti kọ́ṣẹ́. Ó ṣèlérí pé bí òun bá wọlé, òun yóò jà títí ẹ̀rọ omi yóò fi dé òpópónà wa.

Ìyá mi ń sẹ́ ògì tà. Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí mọ iye omi tí í lọ sí i. Ìyá Ilé-kéwú, ará Ìlọrin tí a jọ ń gbé ojúlé kan, ní ìyọnu tirẹ̀: ọkọ rẹ̀ Àáfà ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, ojoojúmọ́ sì ni wọ́n ń fọ wàláà wọn. Bí ìyá mi bá ń sẹ́ ògì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí ní í bá a di asẹ́ mú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbìmọ̀ pé olúkúlùkù yóò mú ọkọ tirẹ̀ lọ síbi kẹ̀kẹ́, wọ́n sì yà ojúlé sí ojúlé láti bá àwọn ìyàwó yòókù sọ ọ́. Mo ti ka ìwé rẹpẹtẹ lórí ìpolongo ìbò ní yunifásítì. N kò tíì rí èyí tó mọ́gbọ́n dání tó tiwọn.

Bàbá mi ṣèlérí nídìí oúnjẹ pé kẹ̀kẹ́ ni òun yóò dìbò fún. Ìyá mi, tí ó mọ ọkọ rẹ̀, rán mi tẹ̀ lé e pé kí n gbé omi mímu rẹ̀. Obìnrin kò gbọdọ̀ dé ìlà, ṣùgbọ́n lójú òfin, ọmọbìnrin kékeré kò tíì di obìnrin. Akọ̀wé ìbò ń kéde fún ọkùnrin kọ̀ọ̀kan pé kẹ̀kẹ́ wà lọ́tùn-ún, ràkúnmí wà lósì. Mo jókòó sórí iyanrìn, mo sì rí i pé aṣọ tí wọ́n ta kò kanlẹ̀. Àáfà wọlé, sálúbàtà rẹ̀ sì yà sọ́tùn-ún tààrà. Ìgbà tó kan bàbá mi, bàtà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ dúró láàárín, ó wúkọ́, ó sì yà sósì.

Nígbà tó jáde, ó rí ojú mi. Ó ra àléwà pupa, súùtì àwọn Hausa, fún mi, ó sì rọra sọ pé, "Ẹni tí mo kọ́ bí a ṣe ń di ayùn mú, ṣé èmi ni n ó wá máa pè ní Ọnọ́rébù?"

Ìyá mi ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Ó bi mí pé ibo ló jù ú sí. Mo dá a lóhùn ní Hausa, tí ó tètè ń yọ́ lẹ́nu mi ju Yorùbá lọ: "Keke ne." N kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, n kò ní ìbò, mo sì ti tà á.

Kẹ̀kẹ́ fìdí rẹmi pẹ̀lú ìbò tí kò ju ìka ọwọ́ lọ. Ìyá mi rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ẹlẹ́rìí ti wẹ ọkọ tirẹ̀ mọ́, nítorí náà ó di ọ̀rọ̀ Àáfà. Lọ́jọ́ kejì, níwájú asẹ́, ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Ọmọ Àríwá lẹ kúkú jẹ́. Ẹ̀yin lẹ mọ ẹni tí ẹ ń bá ṣe."

Ìyá Ilé-kéwú fi asẹ́ sílẹ̀. "Haba, Ìyá Ológì. Ẹ wo èèkàn tiyín kí ẹ tó ní ewúrẹ́ mi ló já."

Ìyá mi wò mí. Mo wo ilẹ̀. Bàbá mi ń fá pákó lọ ní tirẹ̀, bí ẹni pé ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n fẹ́ fi pákó ọ̀hún kan ìtẹ́ ọba.

Bí ó ti parí nìyẹn. Ẹran Iléyá kò wọlé wa mọ́, ìrẹsì Kérésìmesì kò jáde mọ́. Kí ọdún tó yí po, Àáfà kó ilé-kéwú rẹ̀ lọ sí àdúgbò Limawa. Ẹ̀rọ omi dé lóòótọ́, iwájú ilé Oníràkúnmí ni wọ́n rì í sí. Nígbà tó yá, àwọn sójà gba ìjọba, wọ́n kó àpótí nílẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin sì wá dọ́gba: kò sí ẹni tó ní ìbò.

Ọdún púpọ̀ kọjá kí wọ́n tó gbà pé obìnrin Àríwá náà ní ọgbọ́n. Bàbá mi ti kú nígbà náà. Mo wá sílé láti mú ìyá mi lọ dìbò, ó ń wé gèlè lọ́wọ́, mo sì jẹ́wọ́ fún un. Ó so gèlè náà tán. Kò bú mi, kò sì bú òkú. Ó ní, "Jẹ́ ká kọ́kọ́ dé Limawa."

A bá Àáfà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí lójò tó kọjá. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, ó sì tọrọ àforíjì. Bàbá arúgbó náà mi orí. "Oníkẹ̀kẹ́ yẹn kò wù mí rí," ó wí. "Ìyàwó mi ló bẹ̀ mí, nítorí ògì yín."

Ìyá mi kò dìbò lọ́jọ́ náà. Ó ní òun kò mọ ẹni tí òun yóò bá gbìmọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ lọ wo ìlà ìbò ní Sabon Gari: obìnrin pọ̀ níbẹ̀ ju ọkùnrin lọ, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó lówó nínú wọn ti gbẹ́ bọ́hò sẹ́yìn ilé tirẹ̀, ó sì ti àgádágodo mọ́ ọn. Ẹni tí kò lówó ṣì ń dúró de mai ruwa.