Kílọ́ọ̀ṣì Tí Kò Mú

Ìlọrin ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tá a ṣègbéyàwó. Ìparí oṣù ló máa ń wá sí Ìkirè: á dé láàárọ̀ Sátidé, á padà nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Kí n tó fojú rí i tẹ́rùn, ó ti tún ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Mo kórìíra Sọ́ńdè nígbà náà bí orogún.

Lóṣù kan, kílọ́ọ̀ṣì mọ́tò ìjàpá rẹ̀ jẹ tán. Kì í gbé mọ́tò fún mẹkáníìkì. Ó ní ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Òun àti àbúrò rẹ̀ sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ lábẹ́ igi ọsàn wa, torí láìsọ ọ́ kalẹ̀, ọwọ́ ò lè tó kílọ́ọ̀ṣì.

Dòdò ni mò ń dín tà létí títì. Ẹni tó bá ti jẹ dòdò Ìkirè mọ̀ pé epo rẹ̀ kì í kúrò lọ́wọ́ bọ̀rọ̀. Mo bu díẹ̀ wá, mo ní kí n máa fi sí i lẹ́nu. Àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ojú ti ọkọ mi, ó gba abọ́ lọ́wọ́ mi. Ó jẹun tán, ó lá ìka, ó sì fọwọ́ náà mú píléètì kílọ́ọ̀ṣì tuntun.

Nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, a di ẹrù rẹ̀, ó ní kí n wọlé ká fi dán an wò dé Àpòmù. Níbi tí ọ̀nà ti gòkè díẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń ké, mọ́tò ò kúrò lójú kan. Òórùn epo jíjó gba inú rẹ̀. Ọkọ mi wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Yéè! Ìyàwó, epo dòdò ẹ ló ń mú kílọ́ọ̀ṣì yọ̀!"

Àwọn tó bá wa tì í padà sílé ń kí wa kú wàhálà. Mo fajú ro, mò ń ṣe àmín, inú mi sì ń dùn ṣìnkìn. Ní Mọ́ńdè, ó tún sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Mo jókòó tì í látàárọ̀, mi ò dín nǹkan kan.

Lọ́wọ́ àsárì, kílọ́ọ̀ṣì mú. Mo ní alhamdulillahi bó ti yẹ kí ìyàwó wí, mo sì lọ sunkún lẹ́yìnkùlé.

Ọkọ mi ti di ẹni ilẹ̀ báyìí. Àwọn ọmọ wa ra mọ́tò tó dáa. Wọ́n á wá kí mi, wọ́n á jẹun, wọ́n á ṣíná mọ́tò. Ẹnu mi a máa ṣàdúrà ọ̀nà ire fún wọn. Ọkàn mi a máa bẹ mọ́tò kó kọ̀.